Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Iredélé Lọ

Sálúbàtà Iredélé wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n síra wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tò wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni kò sí nílé.

Ọmọ́wùnmí kọ́kọ́ rò pé balùwẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ wà. Ó gbé omi kaná lórí sitóòfù, ó rẹ gààrí díẹ̀ sínú abọ́, ó sì ń ka ohun tó fẹ́ lọ sọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà lábẹ́ ètè, bí ọmọ tó ń há àkọ́sórí. Ọjọ́bọ̀ ni. Aago méjìlá ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì fún un pé kó wá jókòó níwájú àwọn, kó ròyìn gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe pẹ̀lú àwọn aláìsàn, kí àwọn bi í léèrè, kó dáhùn. Bó bá yege, ó ti gba ìwé Másítà rẹ̀ nìyẹn, ó ti di olùdámọ̀ràn fún àwọn tí àárẹ̀ ọpọlọ ń bá jà. Ọdún méjì ààbọ̀ ló ti fi ń lé e. Bó bá ti kọ́ àwọn ọmọ girama tán láàárọ̀, yunifásítì ló ń sáré lọ. Ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, Oǹdó ló ń lọ, sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àárẹ̀ ọpọlọ, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà ibẹ̀.

Àwọn ará Arakale, àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Àkúrẹ́, kò mọ orúkọ tí wọn ì bá pe iṣẹ́ náà. Dókítà wèrè ni wọ́n ń pè é. Wọn a pè é tán, wọn a rẹ́rìn-ín, òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọdún náà le. Ìrẹsì ti di oúnjẹ ọjọ́ ọdún ní ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́, gààrí tí à ń fojú tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí à ń fi ago wọ̀n. Ẹni tó ní ọkọ̀ ti gbé e sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn. Síbẹ̀ Ọmọ́wùnmí kò fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kò sì fi oògùn Iredélé sílẹ̀. Iredélé ni ọmọ ìkẹyìn ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Iṣẹ́ fèrèsé onígíláàsì ló ń kọ́ lọ́wọ́ kí àìsàn yìí tó kì í mọ́lẹ̀. Oṣù kẹjọ rèé tó ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti ń balẹ̀. Ó ń fọ aṣọ ara rẹ̀, ó ń gbálẹ̀, ó sì ti kọ́ Ìníolúwa, ọmọ ọdún mẹ́fà tí Ọmọ́wùnmí bí, bí wọ́n ṣe ń ka iye títí dé ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí omi hó tí ẹnikẹ́ni kò jáde láti balùwẹ̀, Ọmọ́wùnmí lọ wo yàrá àbúrò rẹ̀. Ẹní wà ní títẹ́. Páálí oògùn wà lójú fèrèsé. Ó ṣí i, ó ka kóró tó wà nínú rẹ̀. Kò tíì lo ti àárọ̀.

Olútáyọ̀, ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó ń kun bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ́wùnmí bi í pé Iredélé dà.

"Ó ti lọ sí Oǹdó, lọ́dọ̀ Màmá."

"Nígbà wo?"

"Ìdájí. O ṣì ń sùn. Mo ní kí wọ́n má jí ọ, nítorí ìdánwò rẹ."

"Kí wọ́n má jí mi. Àwọn wo?"

 Bàtà tó wà lọ́wọ́ Olútáyọ̀ ti ń dán tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kùn ún lọ. Ọmọ́wùnmí mú fóònù rẹ̀, ó pe nọ́ńbà Iredélé. Fóònù náà dún nínú ilé. Inú báàgì tí Olútáyọ̀ fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń dún. Ó dún títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dìde láti lọ mú un.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ di ariwo. Olútáyọ̀ ní Màmá ló ní kí òun gba fóònù náà, kí ọmọ náà lè sinmi. Ó ní kí Ọmọ́wùnmí lọ ṣe ìdánwò rẹ̀ ná, bó bá dé, àwọn yóò jọ sọ ọ́. Ọmọ́wùnmí bi í pé sinmi kúrò nínú kí ni, ta ló mú un lọ, kí ló dé tó lọ láìwọ bàtà, láìmú oògùn. Olútáyọ̀ ní ó ti sú òun. Ó ní bí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkàn òun kì í sí níbẹ̀. Òun ń ro ohun tí Iredélé lè ṣe, òun ń ro ọmọ òun. Ṣé ó rò pé lásán ni òun gbé Ìníolúwa lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìjàrẹ́ láti ọjọ́ Àìkú?

 Ohun tí Olútáyọ̀ sọ fún Ọmọ́wùnmí lọ́jọ́ Àìkú ni pé ìyá òun fẹ́ rí ọmọ náà.

Ọmọ́wùnmí mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Lẹ́nu géètì, Ìyá Kíkẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà ń yọ́ ògì sínú ìkòkò fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Lọ́jọ́ yìí, orí ni ó tẹ̀ sínú ìkòkò.

Ọmọ́wùnmí bi í bóyá ó rí Iredélé láàárọ̀.

"Mo rí i," ni Ìyá Kíkẹ́ wí. Ó ro ògì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. "Màmá yín àti bàbá àgbà kan ni wọ́n wá. Wọ́n fi ìró so ó lọ́wọ́ sẹ́yìn. Bàbá Ìní bá wọn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀ sí i. Mo ní usẹ́ yín náà kọ́ ni, iṣẹ́ dókítà wèrè?"

Àwọn tó wá ra ògì ń wo Ọmọ́wùnmí. Obìnrin kan láàárín wọn ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí òun ti ń sọ pé ilé tí ọmọdé wà kọ́ ni a ń tọ́jú irú wọn sí.  Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Gbogbo wọn ló mọ òwe náà, ẹnikẹ́ni kò sì pa á.

*

Nígbà tí Ọmọ́wùnmí yóò fi dé ilé ìyá rẹ̀ ní Yàbà, ní Oǹdó, oòrùn ti gòkè. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì tuntun ni, aláwọ̀ wúrà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó kọ́. Wọ́n ti fọ àga ìjókòó, wọ́n sá wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti kun ara ògiri tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀dà funfun, òórùn rẹ̀ ṣì gba gbogbo ilé. Ó wá rántí pé lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀tunla, ni àwọn àna ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí Modúpẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá Agnes, jáde láti ilé ìdáná, ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó ní kó wọlé wá jẹun. Kò béèrè ohun tó gbé e wá. Ó gbé iṣu sísè àti ọbẹ̀ ata síwájú rẹ̀, iṣu funfun tí irú rẹ̀ ti di ọ̀wọ́n nílùú, ó sì jókòó tì í. Akínbọ̀wálé, àbúrò bàbá wọn, jókòó sórí àga bàbá wọn tó ti kú, ó ń ta eyín.

"Màmá, Iredélé dà?"

"Jẹun ná."

"Ebi kò pa mí, Màmá."

Ìyá náà wo iṣu, ó wo Akínbọ̀wálé. Ọkùnrin náà yọ igi ìtayín lẹ́nu. Ó ní Iredélé wà níbi tí wọn yóò ti gbà á sílẹ̀, ilé àdúrà kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ni. Ó ní àwọn tó gbé ọmọ tiwọn lọ síbẹ̀ ti jẹ́rìí sí i. Ọmọ́wùnmí ní ṣé ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn mọ́ igi ni bàbá ń wí. Akínbọ̀wálé ní bí a kò bá de é, ṣé yóò jókòó gbàdúrà ni?

"Oògùn ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin náà rí i nígbà Àjíǹde. Ó bá yín jẹun, ó bá yín sọ̀rọ̀."

"Ǹjẹ́ oògùn ń lé òkú?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Ọmọ́wùnmí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fi etí ìró nu ojú, bẹ́ẹ̀ kò sí omi lójú rẹ̀.

"Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́," ni Màmá Agnes wí. "O ní bàbá yín ń pè é. O ní ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pé kó máa bọ̀. Wùnmí, bí bàbá rẹ bá ń pe ọmọ mi lọ sọ́run, ṣé kí n máa wò ó ni?"

Ọmọ́wùnmí rántí ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni. Òun àti Iredélé ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọmọkùnrin náà ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, kí Àǹtí òun má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òun ń gbọ́ ohùn bàbá àwọn. Ohùn náà kì í pariwo. Ó ń sọ pé òtútù ń mú òun níbi tí òun wà, kó wá, kí àwọn jọ jókòó. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe bàbá àwọn. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé ohùn náà dùn. Ó sọ ọ́ tán, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, Ọmọ́wùnmí mú un lọ rí dókítà ní Oǹdó, wọ́n sì fi kún oògùn rẹ̀. Bí wọ́n ti dé ni ó sọ ọ́ fún Olútáyọ̀. Ìdí tó fi sọ ọ́ ni pé kànga wà lẹ́yìn ilé, ó fẹ́ kó fi àgádágodo tì í, ó sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣọ́ ọmọ náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn: bí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́, sọ ọ́ fún ẹni tó lè bá ọ dì í mú. Ọkọ rẹ̀ ló mú. Ó ní kó má sọ ọ́ jáde. Olútáyọ̀ ti kànga pa lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹyin lohùn. Kò mọ ìgbà tó já bọ́.

Ó dìde, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín àwọn àga tí wọ́n sá. Ó pe ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún Màmá?"



"Ìyá tó bí i ni, Wùnmí. Ó ń sunkún létí mi lójoojúmọ́ pé kí ló ń ṣe ọmọ òun. Mo rò pé bí wọ́n bá mọ̀ bó ṣe le tó, wọn á mú un lọ sọ́dọ̀ ara wọn díẹ̀, kí àwa náà lè mí. Mi ò mọ̀ pé..."

"Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ rí. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.  Ọmọ́wùnmí pa fóònù.

Nígbà tó padà wọlé, ìyá rẹ̀ ti fi àwo mìíràn bo iṣu náà. Ọmọ́wùnmí bi wọ́n léèrè pẹ̀lẹ́ pé bó bá jẹ́ tìtorí òkú bàbá àwọn nìkan ni, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ méjì kí àwọn àna tó dé.

Akínbọ̀wálé bojú wo ògiri tuntun. "Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ," ni ó wí. "Ìdílé tó fẹ́ fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ẹni, wọ́n á ṣèwádìí. Ṣé kó wá jáde sí wọn láàárín àwùjọ?"

Lábẹ́ kọ́tìnnì tó pín pálọ̀ àti yàrá, Ọmọ́wùnmí rí ẹsẹ̀ méjì, èékánná wọn ní ọ̀dà pupa tí kò tíì gbẹ tán. Modúpẹ́ ni. Iredélé ló ń pọ̀n ọ́n lẹ́yìn kiri àgbàlá yìí nígbà tó fẹsẹ̀ ṣẹ́ ní kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Modúpẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọ́wùnmí dúró, ó retí pé yóò jáde wá kí òun. Àwọn ẹsẹ̀ náà rọra fà sẹ́yìn.

"Mò ń lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, Màmá."

Ìyá rẹ̀ kò dá a dúró. Ó tẹ̀ lé e dé títì, ó ń fi èdè Oǹdó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Sátidé kọjá, kó ṣe é nítorí òun, kó jẹ́ kí Sátidé kọjá ná.

*

Láti Oǹdó, Àkúrẹ́ lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Aago méjìlá kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọ Àkúrẹ́. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tó gun ọ̀kadà lọ sí yunifásítì, yóò ṣì bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ náà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì fún bí ìṣẹ́jú méjì, báàgì ìwé rẹ̀ ní àyà. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Ọ̀wọ̀.

Wọ́n ti kọjá Ọ̀bá-Ilé kí Dókítà Adébáyọ̀, olùkọ́ tó ń tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sọ́nà, tó pè. Ó ní àwọn dúró dè é títí, àwọn àlejò tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn fẹ́ máa lọ. Ọmọ́wùnmí ní àbúrò òun ló ní ìṣòro. Dókítà ní ó dun òun. Ó ní òun kò lè pe àwọn àlejò náà padà, àfi ọdún tó ń bọ̀ bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọmọ́wùnmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹ ṣeun, sà. Ìyá tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ bi í bóyá òkú ni wọ́n túfọ̀ fún un. Ó ní rárá.

Ilé àdúrà náà wà ní ìkọjá odò, nínú oko kòkó kan tí ènìyàn kò lè rí láti títì. Àtíbàbà gígùn kan tí wọ́n fi páànù bò ni, kò ní ògiri. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin mẹ́rin. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan ló de kálukú mọ́ ìtì igi. Ọ̀kan nínú wọn ń kọrin. Àwọn yòókù wo Ọmọ́wùnmí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo òjò.

Iredélé wà ní ìpẹ̀kun. Wọ́n ti fá orí rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó níbi tí ìró ti jẹ ẹ́. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ là. Ó fẹ́ dìde, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fà á jókòó. Ọmọ́wùnmí ní kó fara balẹ̀, òun wá mú un lọ sílé ni.

Alágbà Kìtán tó ń ṣe àkóso ibẹ̀ jáde sí i. Àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì wọ aṣọ funfun tó mọ́. Ó fún Ọmọ́wùnmí ní ìjókòó, ó fún un lómi. Ó ní kì í ṣe àwọn ló ń lọ kó ènìyàn wá láti ilé wọn. Ẹbí ló ń gbé wọn wá, wọn a sunkún, wọn a kúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í padà wá wò wọ́n mọ́. Ó nawọ́ sí obìnrin tó ń kọrin. Ó ní ọdún kẹrin obìnrin yẹn rèé, ọkọ rẹ̀ ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ́wùnmí ní òun fẹ́ mú àbúrò òun. Alágbà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ni, ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé nìkan ló lè ní kí àwọn tú u sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́. Ọmọ́wùnmí ní ta ló fọwọ́ sí i.

Alágbà wọlé, ó gbé ìwé ńlá kan jáde, ó fi ahọ́n tọ́ ìka, ó ṣí i. Ó ní lóòótọ́ ni pé ìyá ọmọ náà ló wà níbẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò gbà láti fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti kọ sílẹ̀ láti ilé ni wọ́n gbé wá, òun sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó ní èyí tilẹ̀ fi òun lọ́kàn balẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹni lásán ló fọwọ́ sí i.

Bébà kan ni, tí wọ́n fà ya láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì. *Èmi, Ọmọ́wùnmí, ẹ̀gbọ́n Iredélé, tí mo jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nípa ìtọ́jú ọpọlọ, ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí i pé oògùn kò ràn án. Mo gbà kí ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́nà tiyín.* Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi sí i. Ọmọ́wùnmí mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà, ti Olútáyọ̀ ni. Ọwọ́ yẹn náà ló kọ orúkọ Ìníolúwa sára ìwé ìbí rẹ̀. Kò kánjú kọ ọ́. Ó kọ ọ́ gún régé, kò fi àmì ohùn kan sílẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

 Nígbà tí Ọmọ́wùnmí gbójú sókè, Alágbà ń wò ó.

"Ṣé ẹ̀yin ni Ọmọ́wùnmí yìí?" ni Alágbà wí. "Tàbí ẹlòmíràn ni? Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, ó di kí àwọn ẹbí padà wá, kí a tún un sọ."

Iredélé kò jìnnà sí wọn ju ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bí Ọmọ́wùnmí bá ní òun kọ́, òtítọ́ ló sọ, ọmọ náà yóò sì sùn sórí ilẹ̀ yìí títí Sátidé yóò fi kọjá, títí ọjọ́ mọ́kànlélógún yóò fi pé, láìlo oògùn, pẹ̀lú ohùn tó ń pè é ní ìrọ̀lẹ́. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó fẹ́ fi ojú bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni," ni ó wí. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Èmi náà ni mo ní kí ẹ tú u."

Alágbà Kìtán ní kó tún un kọ sísàlẹ̀ bébà náà, kó sì fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé méjèèjì kò jọra rárá, ọmọdé gan-an lè rí i. Alágbà wò ó, ó wo Ọmọ́wùnmí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó lọ tú ọmọ náà sílẹ̀.

*

Ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ó ra búrẹ́dì àti omi fún un. Iredélé jẹ ẹ́ tán nínú ọkọ̀ láìwo ẹ̀yìn, láìwo ẹ̀gbẹ́. Wọn kò yà sí Arakale. Fóònù Ọmọ́wùnmí dún lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ Olútáyọ̀ jáde lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó dún. Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ Oǹdó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní ohùn ìsàlẹ̀. Ó ní òun kọ́ ni òun kọ bébà yẹn. Ó ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá, bí ilẹ̀ ti mọ́ ni òun ti ń wá a kiri.

"Ẹ sọ ọ́ lójú mi pé ẹ̀yin ni."

"Kí wọ́n lè tú ọ sílẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́."

 Iredélé kò bínú; ó ń wá ọ̀nà kiri nínú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. "Èwo wá ni irọ́ nínú rẹ̀, Àǹtí mi? Ti ibẹ̀ yẹn ni, àbí tibí?"

 Ọkọ̀ ti dé Ọ̀wẹ̀nà, àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáré bo fèrèsé, wọ́n tún sá padà.

"Ọ̀rọ̀ ohùn bàbá ńkọ́?" ni Iredélé wí. "Ìyá ń kígbe rẹ̀ sí mi létí nígbà tí wọ́n ń so mí lọ́wọ́. Ṣé irọ́ nìyẹn náà?"

"Rárá," ni Ọmọ́wùnmí wí. "Èmi ni mo sọ ìyẹn."

Ọmọkùnrin náà mi orí. Ó yíjú sí fèrèsé, kò sì yí i padà mọ́ títí wọ́n fi dé Oǹdó.

Aago márùn-ún kọjá nígbà tí wọ́n wọ ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Bísọ́dún ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ Ọmọ́wùnmí dáadáa, àwọn méjèèjì ti jọ pín ẹ̀pà jẹ lórí tábìlì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó rí orí tí wọ́n fá, ó rí ọrùn ọwọ́ tó bó, kò béèrè ohunkóhun. Ó mú wọn wọ yàrá kékeré, ó fi oògùn sí ojú egbò, ó pọn omi fún ọmọ náà. Ó gbé àga méjì kalẹ̀. Ọmọ́wùnmí jókòó sórí ọ̀kan, bó ṣe máa ń jókòó lọ́jọ́ iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì mú bírò. Ó ní kí Iredélé sọ bó ṣe rí lára rẹ̀, kó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò sí ìkánjú.

Iredélé wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó bó.

"Ẹ ní kí wọ́n jáde," ni ó wí.

Nọ́ọ̀sì Bísọ́dún gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí, Iredélé."

"Mo mọ̀ wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n jáde."

Ọmọ́wùnmí dìde kí nọ́ọ̀sì tó yíjú sí i. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde, ó rọra fa ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí àwọn ẹbí aláìsàn máa ń jókòó lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà gan-an. Kò jókòó síbẹ̀ rí. Ó jókòó. Ilẹ̀kùn náà kò nípọn. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ nínú, ó rẹlẹ̀, ó ń já, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì fẹ́ máa dá yàtọ̀ sí èkejì.

Ó dìde níbẹ̀. Ó rìn dé ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́dọ̀ ẹ̀rọ omi, níbi tí kò ti lè gbọ́ ohun tó ń sọ.